Gbígbọ́ àti Gbígbàgbọ́: Orin Ọ̀kẹ́sítírà àti Ọmọ Ìjoùn

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń sọ ohun mẹ́ta. A ní, "Mo gbọ́ ariwo lọ́jà," èyí ni pé ohùn kan wọ etí wa. A ní, "Ó gbọ́ Faransé," èyí ni pé ìtumọ̀ èdè náà yé e. A sì tún ní, "Ọmọ yìí kò gbọ́ràn," èyí ni pé a pàṣẹ fún un, kò sì ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé láti gbọ́ orin tí kò gbọ́ rí ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun ń wá. Ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́, ẹ̀kẹta ni a ń wá, orúkọ èkejì ni a sì fi ń pè é.

Orin tí mo ní lọ́kàn ni ti àwọn ọ̀kẹ́sítírà ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù: ogójì ènìyàn, nígbà mìíràn ọgọ́rin, tí wọ́n jókòó yí olùdarí kan ká, àwọn onífayolíìnì níwájú, àwọn onífèrè igi láàrin, àwọn onífèrè idẹ lẹ́yìn wọn, àwọn onílù ní ìpẹ̀kun pátápátá. Ọmọ tí mo ní lọ́kàn ni ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá ní Ìjoùn, ní ilẹ̀ Yewa lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnubodè ilẹ̀ Benin kò ti jìnnà sí ènìyàn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á gbé orin náà lọ bá ọmọ náà? Bí ó bá tọ́, báwo ni a ṣe lè ṣe é tí a kò fi ní purọ́ fún un? Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n èkejì ni ó le jù, òun ni ó sì yẹ kí á fi àkókò wa sí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Ilé ìwé abúlé tí àga kò tó, Beethoven ni ẹ fẹ́ gbé lọ síbẹ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." N kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ogójì fayolíìnì fún ilé ìwé kan ní Yewa, tí kò sì wá ẹni tí yóò máa tún wọn ṣe nígbà tí okùn wọn bá já, ó sàn kí ó fi owó náà kan àga. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tí ń pòwe yìí gbàgbé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó jẹ́ ògo àwọn ará Kétu àti gbogbo Yewa, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti pé tán nìkan. Wọ́n a máa ṣe é lẹ́yìn ìkórè lọ́dọọdún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n a tún máa gbé e jáde nígbà ọ̀dá àti nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Àwọn baba wa kò sọ pé kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ná kí á tó kọrin. Ìgbà tí òjò kò rọ̀ gan-an ni wọ́n pe onílù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí á kọ́kọ́ ṣe àga tán kí á tó ṣe orin, kì í ṣe àṣà Ìjoùn ni ó ń bá wa sọ. Gbígbọ́ kò sì gbówó lórí bíi fayolíìnì. Ẹ̀rọ alágbèéká kan àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan tó fún kíláàsì kan.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé orin òyìnbó ni, kì í ṣe tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ará ẹnubodè ni kò yẹ kí ó ti jáde. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ààlà wọn yóò gbà. Láti ìgbà náà ni Kétu, ìlú aládé, ti wà lọ́wọ́ kan, tí ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé tí ó ń wo Kétu bí orírun sì wà lọ́wọ́ kejì. Ilẹ̀ pín, ẹ̀fẹ̀ kò pín. N kò tí ì gbọ́ pé orin ẹ̀fẹ̀ dúró san owó kọ́ọ̀sítọ́ọ̀mù rí. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra aráyé, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008, ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ará Ìjoùn mọ̀ dájú, kí ọ̀mọ̀wé kankan tó sọ fún un, pé bí a ti ń ni oko kọ́ ni a ń ni orin.

Fayolíìnì gan-an kò bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ àwọn tí ó ń fi í yangàn. Àwọn ohun èlò tí a ń fi ọrun fà ti wà lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá kí wọ́n tó dé Yúróòpù, ọ̀dọ̀ wọn àti ọ̀dọ̀ àwọn ará Túkì sì ni ìlù oníkòkò tí ó máa ń wà lẹ́yìn ọ̀kẹ́sítírà ti wá. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ló gba ọ̀nà aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa, a sì ń pè é ní gòjé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ sákárà Yusuf Ọlátúnjí, tí ó gbọ́ bí gòjé ti ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ bí òjìji, ti pàdé ìbátan fayolíìnì láìmọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan lọ sí òkè òkun, ó wọ bàtà. Èkejì dúró sí Afíríkà, kò wọ bàtà.

Síbẹ̀síbẹ̀, bí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, mo ti fi àrékérekè borí ẹni tí ó ń bá mi jiyàn. Nítorí kì í ṣe ibi tí orin ti wá ni ó ń dùn ún, bí kò ṣe bí orin náà ti ṣe dé. Ó dé pẹ̀lú àṣẹ. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé orin ìsìn wọn wá, tí wọ́n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohùn tí wọ́n ti ń kọ ọ́ nílé ni wọ́n fi sí i lórí, wọn kò béèrè bóyá èdè wa lè gbà á. Èdè tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti yàtọ̀ síra nípa ohùn nìkan, wọ́n ní kí ó máa gòkè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀, kí ó máa sọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó dúró. Àwọn ìjọ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kẹta ni, ti ọmọ tí ń gbọ́ràn.

Ẹni tí ó fi ìyà yìí ṣe iṣẹ́ ni T. K. Ekundayo Phillips. Ó kọ́ iṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní London, ó sì padà wá sí Èkó, ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Krístì ní Marina láti 1914 títí di 1962. Òun kò sọ dùùrù náà sí òkun nítorí pé òyìnbó ni ó ṣe é. Ó jókòó tì í, ó sì wá orin tí ohùn rẹ̀ yóò bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ṣẹ́ ní ọmọdé, ẹni tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Ṣówándé wá kọ African Suite ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn, ó kọ Folk Symphony fún òmìnira wa ní 1960, ó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1987.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń dùn mí nípa African Suite yìí. Ìpín tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ń jẹ́ "Akinla". Ní ilẹ̀ Kánádà, oníròyìn kan tí ń jẹ́ Clyde Gilmour ṣe ètò orin kan lórí rédíò láti 1956 títí di 1997, "Akinla" sì ni ó fi ń ṣe orin ìdánimọ̀ ètò náà. Àwọn àgbẹ̀ tí yìnyín ká mọ́lé ní Kánádà mọ ohùn yẹn bí wọ́n ti mọ ohùn aago ilé wọn. Ẹ wá bi àwọn ọmọ wa ní Ìláròó, ní Ayétòrò, ní Ìjoùn, bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ rí. Ǹjẹ́ ta ni ó wá ni ín?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni a ń sọ. Ní ọdún 1986, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, gbé ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó pẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n fi hàn pé àwọn àgbà wa ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́ lọ́nà tí ó le ju ti ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi, bó ti wù kí ẹni náà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó, tàbí tí mo kà nínú ìwé, mo gbà á gbọ́ ni. Ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kó jọ nílé ìwé, títí di yunifásítì yìí, bí a bá fi òṣùwọ̀n àgbà wọ̀n ọ́n.

Ẹ fi òṣùwọ̀n yìí wọn kíláàsì orin wò. Olùkọ́ wọlé, ó kọ ọ́ sára pátákó pé: Beethoven, a bí i ní 1770, ó kú ní 1827, akọrin ńlá ni, etí rẹ̀ di. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé. Olùkọ́ tan ẹ̀rọ, orin bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́. Orin parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni wọ́n mọ̀? Wọ́n mọ̀ pé a pàtẹ́wọ́. Títóbi Beethoven, wọ́n gbà á gbọ́ ni, lọ́wọ́ ẹni tí òun náà ti gbà á gbọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo pe èyí ní irọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ nínú yàrá náà. A ti kọ́ ọmọ láti fi ọwọ́ jẹ́rìí sí ohun tí etí rẹ̀ kò rí. Ẹni tí ó bá kọ́ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú orin, kò ní ṣòro fún un láti fi ọwọ́ jẹ́rìí sí ohun mìíràn tí kò rí nígbà tí ó bá di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ orin yìí sí ọ̀rọ̀ ìwà, tí n kò kà á sí eré.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 1936, Prokofiev ará Rọ́ṣíà kọ ìtàn Peter àti ìkookò fún àwọn ọmọdé: fèrè ni ẹyẹ, fèrè onígi mìíràn ni pẹ́pẹ́yẹ, òmíràn ni ológbò, fèrè onígi tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù ni bàbá àgbà, ìwo idẹ mẹ́ta ni ìkookò, àwọn olókùn sì ni Peter fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àlọ́ àpagbè ni! Ọmọ tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun gbe orin Ìjàpá kò nílò àlàyé kankan. Ní 1945, Britten ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú orin kan tí Purcell ti kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjì ààbọ̀ ṣáájú, ó fi í han apá kọ̀ọ̀kan ọ̀kẹ́sítírà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì wá pa gbogbo wọn pọ̀ ní ìparí. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ máa ń rán mi létí olùkọ́ tí ń pe orúkọ ọmọ láàárọ̀. Leonard Bernstein ní New York bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1958 títí di 1972, pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn ló dára. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè tí ọmọ Ìjoùn yóò kọ́kọ́ bi wá.

Ìbéèrè náà ni pé, "Kí ni ó ń sọ?"

Ìbéèrè ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni. Ní ilé rẹ̀, ìlù ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù pe ènìyàn ní oríkì, ẹni náà dáhùn. Ìyáàlù bú ènìyàn, ẹni náà mọ̀ pé òun ni wọ́n bú. Láti orí ẹsẹ̀ ni agbégẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń dá ìlù lóhùn, bí ẹsẹ̀ bá sì yẹ̀ kúrò lórí ohun tí ìlù wí, àwọn ìyá tí ó dúró wò ó yóò rí i. Níbẹ̀, gbígbọ́ ohùn àti gbígbọ́ ìtumọ̀ kò pín níyà. Bí a bá wá sọ fún ọmọ yìí pé ọ̀kẹ́sítírà náà "ń sọ̀rọ̀", a tàn án jẹ. Bí a bá sọ fún un pé kò sọ nǹkan kan, a tún tàn án jẹ.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí á mú sínfónì karùn-ún ti Beethoven, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna ní 1808. Ohùn mẹ́rin ni ó fi ṣí i: mẹ́ta kúkúrú lókè, ẹ̀kẹrin gígùn nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ sí i, bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ sí ohùn ìlù. "Kó wá síbẹ̀." Ó bá a mu wẹ́kú. Òmíràn yóò ní, "Kó wá gbádùn," wọn a rẹ́rìn-ín, olúkúlùkù a sì mú tirẹ̀ wá. Kí á wá ní kí wọ́n gbá ọ̀rọ̀ náà mú, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e lọ nínú orin. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, kúkúrú, kúkúrú, kúkúrú, gígùn, ṣùgbọ́n ohùn á ti gba ibòmíràn lọ. Á gòkè níbi tí "síbẹ̀" kò ti lè gòkè. Nígbà tí ó bá di ìpín kẹta, ìwo idẹ yóò lu ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ipele kan ṣoṣo, kò sì sí "síbẹ̀" kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ yìí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti fi etí ara rẹ̀ mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé ohun kan wà tí a lè máa tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀, tí ó ń ní ìbínú àti ìfọ̀kànbalẹ̀ bí ọ̀rọ̀, tí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀. Èyí, ìmọ̀ ni. Kò gbà á gbọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé a bí ará Vienna pẹ̀lú etí orin yìí. Ní alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sínfónì yẹn, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó, òtútù mú wọn, àwọn onílù àti onífèrè kò tíì dánra wò tó, iṣẹ́ kan tí ó tẹ̀ lé e sì dàrú dé ibi pé wọ́n ní láti dúró kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn lọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò jẹ̀bi lójú mi.

Èyí mú mi dé ibi tí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ orin kò ní bá mi gbà. Bí a bá ti ran ọmọ lọ́wọ́ títí ó fi gbọ́ ní tòótọ́, tí ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ọ, kò sì dùn mọ́ mi, bọ̀lọ̀jọ̀ sàn ju èyí lọ," a kò gbọdọ̀ bá a jà. Ìdáhùn yẹn níye lórí lójú mi ju àtẹ́wọ́ ogójì ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan. A máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti dé oko náà, ó ti rìn ín yíká, ó sì yan ti baba rẹ̀. Kì í ṣe òpè mọ́. Ẹni tí kò lè fara da ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ gbọ́ràn. Àwọn tí ó sì ń kọ orin náà láìtíì gbọ́ ọ rí, tí wọ́n ń fi orúkọ àṣà bo etí dídi mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn alátẹ́wọ́. Ìgbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì ń gbé kiri.

Ní ti ọmọ tí ó bá fẹ́ ti inú gbígbọ́ bọ́ sínú lílù àti fífọn, ọ̀nà jìn sí i láti Ìjoùn, n kò ní parọ́. Ẹgbẹ́ MUSON tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 ní ilé ìwé orin ní Oníkàn ní Èkó láti 1989, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ṣùgbọ́n Èkó ni. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Kinshasa, níbi tí Armand Diangienda ti kó àwọn ọmọ ìjọ Kimbanguiste jọ ní 1994. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìní ohun èlò tí ó tó, ènìyàn púpọ̀ ń pín fayolíìnì kan lò, bí ẹnì kan bá ti lò ó díẹ̀, a gbé e fún ẹnì kejì. Mo rò pé ẹni tí ó kọ́ fayolíìnì bẹ́ẹ̀, tí ó fi ìdajì àkókò rẹ̀ jókòó wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ti kọ́ ju ẹni tí wọ́n ra tirẹ̀ fún lọ.

Nítorí dídúró ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀kẹ́sítírà. Nínú sínfónì karùn-ún tí a mẹ́nu bà yẹn, àwọn onífèrè idẹ mẹ́ta kan wà tí wọn kò fọn ohùn kan nínú ìpín kìn-ín-ní, wọn kò fọn nínú èkejì, wọn kò fọn nínú ẹ̀kẹta. Wọ́n jókòó níwájú gbogbo ènìyàn, fèrè lórí itan wọn, wọ́n ń gbọ́. Ìpín kẹrin ni wọ́n tó gbé e sẹ́nu, ilé sì mì. Nínú sínfónì tí Dvořák kọ ní Amẹ́ríkà ní 1893, ẹni tí ó di àwo idẹ méjèèjì mú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò pa wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kò bá sì gbọ́ ibi tí àwọn yòókù dé, yóò pa wọ́n níbi tí kò yẹ, gbogbo ayé á sì gbọ́ ọ. Bí a bá ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yúróòpù, a máa yà á lẹ́nu. Ọmọ Ìjoùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lu omele nídìí gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó ti jókòó tì í láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó rí i tí ó ń lu ohun kan náà, ohun kan náà, tí ìyáàlù ń gba gbogbo ìyìn, kò ní béèrè ìdí tí onífèrè náà fi jókòó. Yóò béèrè bóyá wọ́n fún un lómi mu.